Ta Ló Ń Lé Ọ? Eré Ìje Aṣálẹ̀ Nígbà Ìrìnàjò Ìdílé

Alága ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń jí ní kùtùkùtù sáré, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin aya, ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, nítorí wọn kì í sábà dárúkọ yín níbi tí wọ́n bá ti ń pín àmì ẹ̀yẹ. Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ìdúró.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe lè sáré ìje ọ̀nà jíjìn nínú aṣálẹ̀ nígbà tí òun àti ẹbí rẹ̀ bá jọ rìnrìn àjò. Ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú Moab, ní ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà. Aago mẹ́rin ìdájí ni, nínú oṣù kẹwàá. Mo jókòó sílẹ̀ ní balùwẹ̀ kí iná má baà jí àwọn ọmọ, mo ń fi pínnì há nọ́ńbà mọ́ àyà ẹ̀wù mi. Ìyá ọkọ mi, tó bá wa rin ìrìnàjò náà, rọra ṣílẹ̀kùn. Ó wò mí títí. Ó wá ní, "Ìyàwó mi, wọ́n ní ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Èwo ni tìẹ níbẹ̀?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ kí n bọ̀ ná." Kìlómítà 50 ló wà níwájú mi. Ìbéèrè yẹn bá mi dé gbogbo ibi tí mo sá dé lọ́jọ́ náà, òun náà ni mo sì gbé wá síwájú yín yìí.

Aṣálẹ̀ tí a rò àti èyí tó wà níbẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Bí mo bá pe aṣálẹ̀, kí ló ń wá sí yín lọ́kàn? Yanrìn, àbí? Oòrùn, ràkúnmí. Ohun tí èmi náà rò nìyẹn. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àìrójò ló ń sọ ilẹ̀ di aṣálẹ̀, kì í ṣe yanrìn, kì í ṣe ooru. Moab ga ju ìtẹ́jú òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,200. Odò Colorado ń ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọgbà ìjọba méjì tí aráyé ń wá wò, Arches àti Canyonlands, sì wà nítòsí. Àpáta pupa ni ohun tó kún ibẹ̀. Slickrock ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé àpáta ayọ̀tẹ́rẹ́, torí pé irin tí wọ́n ń kàn mọ́ pátákò ẹṣin máa ń yọ̀ lórí rẹ̀ láyé ọjọ́un. Bàtà onírọ́bà kì í yọ̀ ní tirẹ̀. Bí àpáta náà bá ti gbẹ, ńṣe ló ń di bàtà mú bí ẹni fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ lásán máa ń bá ẹsẹ̀ gba díẹ̀ nínú ìyà rẹ̀. Àpáta kì í gba nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ ló ń dá padà sí orúnkún àti ìbàdí. Ẹ̀yin tó ń múra eré irú èyí lórí ọ̀nà pẹlẹbẹ, ẹ wá òkè gùn, ẹ sì wá òkè sọ̀. Sísọ̀ gan-an ló ń pa itan.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, kò kan eré, ṣùgbọ́n ó wù mí. Láàárín àwọn àpáta náà, ilẹ̀ dúdú kan wà tó rí gbágungbàgun bí èépá ojú egbò. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ìdọ̀tí ni. Ohun ẹlẹ́mìí ni. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò rí, pẹ̀lú ewédò, ló so yanrìn pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo tó bá tẹ̀ ẹ́, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó jinná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún àwọn eléré ìje pé kí wọ́n má yà kúrò lójú ọ̀nà, ì báà jẹ́ pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n wọ́n. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, gbọ́ àlàyé yìí lẹ́nu aṣọ́gbà lọ́jọ́ kejì tí a débẹ̀. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ìyá rẹ̀ àgbà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀: "Màmá, ẹ má tẹ ilẹ̀ tó ń mí o."

Òtútù ńkọ́? Ẹ má fojú kéré òtútù aṣálẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, ìkùukùu kì í bo ojú ọ̀run, nítorí náà, bí oòrùn bá ti wọ̀, gbogbo ooru ilẹ̀ á fò lọ sókè. Lójú ìlà ìbẹ̀rẹ̀, èéfín ń jáde lẹ́nu wa bí a bá ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, mi ò lè gbọ́wọ́ lé àpáta. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2021, ní ìpínlẹ̀ Gansu ní Ṣáínà, lórí ilẹ̀ òkè gbígbẹ, àwọn èèyàn ń sá eré ìje kìlómítà 100. Ojú ọjọ́ ṣàdédé yí padà: òjò, yìnyín, ìjì líle. Ọ̀pọ̀ wọn ló wọ ṣòkòtò péńpé àti ẹ̀wù fẹ́ẹ́rẹ́. Èèyàn mọ́kànlélógún ló bá òtútù yẹn lọ. Darandaran kan, Zhu Keming, ló wọ́ mẹ́fà nínú àwọn sárésáré náà sínú ihò tó fi ń ṣe ibùsùn, ó dáná fún wọn, wọ́n sì yè. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìtàn yẹn, ẹ̀wù òjò mi kì í kúrò nínú báàgì, bí oòrùn ì báà máa fọ́ orí. Ìwọ̀n rẹ̀ kò tó ti ife omi kan.

Omi àti iyọ̀

Mo bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kejì. Omi là ń bù wẹ̀, omi là ń bù mu, ẹnìkan kì í bómi ṣọ̀tá. Èmi bá a ṣọ̀tá fún wákàtí kan, mo sì mọ bó ṣe rí.

Níbi tí ọ̀rinrin bá wà nínú afẹ́fẹ́, òógùn á máa kán sílẹ̀ lójú rẹ, ìwọ náà á mọ̀ pé o ń ṣòfò omi. Nínú aṣálẹ̀, òógùn ti gbẹ kó o tó rí i. Ara rẹ gbẹ, ẹ̀wù rẹ gbẹ, o wá rò pé nǹkan ń lọ déédéé. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń sáré nínú ooru lè pàdánù omi lítà kan láàárín wákàtí kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lítà kan àtààbọ̀ ni mo rù. Láti ibi tí wọ́n ti ń bu omi fún wa lẹ́ẹ̀kejì dé ẹ̀kẹta, kìlómítà 13 ni. Nílé, mo ti ṣírò pé omi náà á tó, torí pé ìwọ̀n ìsáré mi lórí ọ̀nà pẹlẹbẹ ni mo fi ṣírò. Ta ló ń sá lórí yanrìn jíjìn bó ṣe ń sá lórí títì? Mo fa ọ̀pá rọ́bà báàgì omi mi, afẹ́fẹ́ ló dún ní gbùrùù. Mo tún fà á, bóyá yóò gbọ́. Ìrìn wákàtí kan ṣì kù.

Bí mo ṣe débẹ̀, arábìnrin àgbàlagbà kan tó jókòó ti agolo omi wò mí lójú, ó gbé ọ̀dùnkún bíbọ̀ fún mi, ó ní kí n tì í bọ iyọ̀. Mi ò jẹ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ẹ jọ̀ọ́, torí pé mo ní omi ṣe pàtàkì, kí ẹ má lọ máa dà á sínú bí ẹni ń pọn omi kún àmù. Èyí náà ń pani. Bí omi bá pọ̀ jù tí iyọ̀ kò sì bá a rìn, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, èèyàn á máa bì, ọpọlọ á wú. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ eléré ìje 488 wò níbi eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin ìlú Boston ní 2002. Mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ti wà ní ipò yẹn, àwọn tó sì mu omi débi tí ìwọ̀n ara wọn fi pọ̀ sí i kí wọ́n tó parí eré pọ̀ níbẹ̀. Bí òùngbẹ bá gbẹ ọ́, mu. Bí kò bá gbẹ ọ́, má fipá mu ún. Kí iyọ̀ má sì jìnnà sí ọ.

Ní ti ooru fúnra rẹ̀, ara ń kọ́ ọ ni. Ó ń gbà á tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kí ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ sí i, kí òógùn tó kọ́ láti tètè jáde, kí iyọ̀ inú òógùn sì dín kù. Ìrìnàjò ìdílé wo ló ní ọ̀sẹ̀ méjì tí èèyàn máa fi kọ́ ooru? Nítorí náà, kí o tó kúrò nílé ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kó o máa sáré nígbà tí oòrùn bá mú, díẹ̀díẹ̀.

Bí àgbà bá ṣubú

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yẹn ló bá mi yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀nà.

Lórí àpáta, ipa ẹsẹ̀ kò sí. Rìbọ́nù aláwọ̀ osùn ni wọ́n so mọ́ igi kéékèèké, níbi tí igi kò bá sì sí, wọ́n á to òkúta lé ara wọn ní mẹ́ta mẹ́rin. Ní nǹkan bíi kìlómítà 29, ọkùnrin kan wà níwájú mi tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ yẹ́lò. Ẹ̀wù yẹ́lò yẹn ni mo ń tẹ̀lé, mi ò tẹ̀lé rìbọ́nù mọ́. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà dúró, ó yíjú padà sí mi, ó ní, "Ṣé o rí àmì?" Mo ní ìwọ ni mo rò pé o rí i.

Àyà mi já. Ibi gbogbo pupa, ibi gbogbo jọra. Ohun tó ń wá sí èèyàn lọ́kàn nírú àkókò yẹn ni kó ṣáà máa lọ, pé ọ̀nà á já síbìkan. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. A yí ẹ̀yìn padà, a wá rìbọ́nù tí a rí kẹ́yìn lọ. Ìṣẹ́jú ogún ló gbà wá. Ogún ìṣẹ́jú yẹn dùn mí wọra nígbà náà.

Ní 1994, ọlọ́pàá kan láti Ítálì, Mauro Prosperi, ń sá Marathon des Sables ní Mòrókò. Wọ́n ti ń sá eré yẹn láti 1986. Nǹkan bíi kìlómítà 250 ni, wọ́n ń pín in sí ọjọ́ bíi mélòó kan, oníkálukú ló sì ń ru oúnjẹ ara rẹ̀. Ìjì yanrìn dé. Bí ìjì bá dé, ìlànà ni pé kí o dúró síbi tó o wà. Ipò Prosperi dára lọ́jọ́ náà, kò fẹ́ kó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ó ń sá lọ. Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, kò rí ọ̀nà, kò rí ẹnì kankan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò kó tó pàdé àwọn darandaran, ó sì ti kọjá ààlà bọ́ sí Àlgéríà láìmọ̀. Ó yè, a dúpẹ́. Ẹ bi ara yín léèrè: ipò wo nínú eré ló tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tí aya àti ọmọ yóò fi máa wo ẹnu ọ̀nà?

Àwọn tó ń dúró

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí.

Àwọn tó mọ eré yìí dunjú, ẹ wò wọ́n dáadáa, ẹ ó rí ẹbí lẹ́yìn wọn. Lahcen Ahansal gba ipò kìn-ín-ní nígbà mẹ́wàá ní Marathon des Sables, àbúrò rẹ̀ Mohamed gbà á nígbà márùn-ún. Ní Moab kan náà, ní 2017, Courtney Dauwalter sá eré tó lé ní máìlì 230, ó parí rẹ̀ ní wákàtí méjìdínlọ́gọ́ta dín díẹ̀, ó sì fi ohun tó ju wákàtí mẹ́wàá lọ ṣáájú ẹni tó tẹ̀lé e, ọkùnrin àti obìnrin. Ọkọ rẹ̀ ló máa ń dúró dè é lójú ọ̀nà pẹ̀lú oúnjẹ àti aṣọ. Iṣẹ́ ni wọ́n ka ìdúró yẹn sí. Wọ́n ń múra fún un.

Èmi ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe fún yín.

Kí a tó kúrò nílé, mo gbé òṣùwọ̀n ilé ìdáná jáde, mo fi wọn oúnjẹ tèmi ní gíráàmù ní gíráàmù. Èso déètì, súgà olómi, ẹ̀pà oníyọ̀. Náílọ́ọ̀nù kéékèèké mẹ́jọ, mo kọ wákàtí sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí wọ́n máa dúró dè mí, kí ni mo wọ̀n fún wọn? Mo ní, "Ẹ ó rí nǹkan rà níbẹ̀." Mo tún ní, "Ní aago méjì ọ̀sán, mo ti dé."

Kò sí ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Ibi tí eré parí sí, pápá eruku ni, kò sí igi, kò sí ibòji àfi ti ọkọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kò sì wọlé. Ike omi méjì àti bisikíìtì pálí kan ló wà nínú ọkọ̀. Aago méjì lù, mi ò dé. Aago mẹ́ta lù. Àbúrò ọmọ mi sunkún ebi títí ó fi sùn. Ọkọ mi fẹ́ wa ọkọ̀ lọ sílùú lọ ra oúnjẹ, ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá lọ, mo lè dé pẹ̀lú ìpalára, kó má sí ẹni tí yóò gbé mi. Ó fẹ́ lọ bá àwọn olùdarí eré, ojú ń tì í pé bóyá kò tíì tó ohun tí èèyàn ń pariwo sí. Ó lọ, ó bọ̀, láàárín ọkọ̀ àti tábìlì wọn, kò bi wọ́n ní nǹkan kan.

Ìyá rẹ̀ rìn lọ síbi tí rìbọ́nù ìkẹyìn wà, ó fi ìborùn rẹ̀ ṣíji bo orí, ó dúró. Wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó. Ó ń ka gbogbo ẹni tó bá yọ.

Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ni mo yọ létí àpáta. Ìborùn yẹn ni mo kọ́kọ́ rí, aláwọ̀ aró, kó tó di pé mo rí èèyàn. Màmá kò pariwo. Ó ní, "O ṣé tó o dé," ó sì jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, nínú eruku. Ọmọ mi obìnrin fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, funfun ló bá níbẹ̀, ó fi sẹ́nu. "Mọ́mì, iyọ̀ ni."

Ní alẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, mo bẹ ọkọ mi pé kó máà bínú pé mo pẹ́. Ó ní, "Pípẹ́ kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé mi ò mọ ìgbà tó yẹ kí n bẹ̀rù."

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Mi ò mọ ìgbà tó yẹ kí n bẹ̀rù. Ẹ̀yin eléré ìje, ṣé ẹni tó ń dúró dè yín mọ̀ ọ́n?

Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé wa. Mo máa ń kọ aago mẹ́ta sórí ìwé: ìgbà tí mo lè tètè dé, ìgbà tó jọ pé mo máa dé, àti aago ìbẹ̀rù. Bí ti ẹ̀kẹta bá lù, kí ẹ má tijú, kí ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ bá àwọn olùdarí pẹ̀lú nọ́ńbà mi, ẹ ní kí wọ́n wo ibi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn. Kó tó kan aago náà, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ṣeré. Oúnjẹ wọn la máa ń kọ́kọ́ dì, lẹ́yìn náà la ó tó kan tèmi. Omi tiwọn pọ̀ ju tèmi lọ, torí pé ẹni tó dúró sójú kan nínú aṣálẹ̀ náà ń gbẹ. A sì ń fi eré sí ìbẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò, ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, kí àwọn ọmọ má baà máa gbọ́ pé "ẹ jẹ́ kí Mọ́mì sinmi ẹsẹ̀" fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ó ku ohun kan. Ní ọjọ́ kejì eré yẹn, wọ́n fẹ́ lọ wo Delicate Arch, àpáta ńlá tó tẹ̀ bí òṣùmàrè nínú ọgbà Arches. Ìrìn kìlómítà 4.8 ni, àlọ àti àbọ̀, orí àpáta gbalasa, kò sí ibòji. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi. Màmá ní òun ń lọ, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Wọ́n ní wákàtí méjì làwọn máa lò. Mo jókòó síbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Wákàtí méjì pé. Mo dìde. Mi ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ni mo ń fojú wá ìborùn aláwọ̀ aró lórí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n.

Ó ti ń lọ sí wákàtí mẹ́ta kí n tó rí wọn. Màmá ló ṣíwájú, ọmọ mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo bi wọ́n pé kí ló dá wọn dúró. Ó ní, "Mo jókòó, mo ń wò ó. Kò sí ohun tí mò ń lé, kò sí ohun tó ń lé mi. Ó ṣáà wù mí kí n dé ibẹ̀ ni." Ó wò mí lójú díẹ̀. "Ṣé bó ṣe rí lára ìwọ náà lánàá nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbọn yanrìn inú rẹ̀ dànù, ó bèèrè bóyá omi wà. Ike omi kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ti ń dì mú láti ìgbà tí wákàtí méjì ti pé. Nígbà tí mo fi lé e lọ́wọ́, ó ti gbóná.

Ẹ ṣeun, ẹ kú àfetísílẹ̀. Alága, bí àyè bá wà, mo ti ṣe tán láti gbọ́ ìbéèrè.